Bí mo ṣe kúrò nídìí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sídìí pùrótéènì

Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́ àti èkejì nínú kẹ́mísìrì. Titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ilé, ni mo ń dà sínú omi aláró. Màá gbé e sóòrùn nílé wa ní Kàbbà, ìmọ́lẹ̀ á ru ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ìyẹ̀fun náà sókè, aró á sì máa ṣí títí omi á fi mọ́ gaara. Iṣẹ́ yẹn wù mí dénú. Àmọ́ UV, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa ò lè rí, nìkan ni ìyẹ̀fun náà ń lò, kò sì ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ilẹ̀. Kì í sì í ṣàṣàyàn. Ohun tó bá ti kàn ló ń fọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ní Ìsánlú ni ọkàn mi ti yí. Ọtí ọkà bàbà ni wọ́n ń ṣe. Ọkà tó bá ti hù ní ẹ́nsáìmù kan (ẹ́nsáìmù ni pùrótéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá), amylase, tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà láì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. "Kó tó dùn, má jẹ́ kó hó o," ni wọ́n máa ń wí. Òótọ́ ni, ooru ló ń pa ẹ́nsáìmù náà. Mo bá ń wá bí èèyàn ṣe lè tún un ṣe kó lè gba ooru.

Frances Arnold, onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ni mo bá níwájú. Òun náà ti ṣiṣẹ́ lórí agbára oòrùn ní Colorado rí. Ní 1993, ìwádìí rẹ̀ jáde lórí subtilisin E, ẹ́nsáìmù tó ń gé pùrótéènì, tí wọ́n yí padà léraléra, títí tó fi ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po 256 nínú DMF, kẹ́míkà tó máa ń ba pùrótéènì jẹ́. Ó gba Nobel ní 2018.

Ọ̀nà yẹn ni mo tọ̀. Mo fi manganese sí PCR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀, kí àṣìkọ lè wọ jíìnì amylase, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú DNA tí wọ́n fi ń ṣe é, mo fi jíìnì náà sínú bakitéríà E. coli, mo gbìn wọ́n sórí àwo onísítáàṣì. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: mo da áyódínì lé e, gbogbo àwo dúdú lọ, àfi òrùka mímọ́ tó yí àwọn bakitéríà tí ẹ́nsáìmù wọn ti jẹ sítáàṣì ká. Màá mú èyí tí òrùka rẹ̀ fẹ̀, màá fi ooru dán ẹ́nsáìmù rẹ̀ wò, èyí tó bá là á já ni màá tún yí jíìnì rẹ̀ padà, títí mo fi rí èyí tí mò ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ya síbí, kó tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun abẹ̀mí. Tíná bá lọ lóru, kí yìnyín ti wà nílẹ̀.

Mi ò fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ tán. Ní 2017, wọ́n rí ẹ́nsáìmù kan nínú Chlorella, ewéko omi tíntìntín, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ búlúù sọ ásíìdì ọ̀rá, irú èyí tó pọ̀ nínú epo pupa wa, di irú èròjà tó wà nínú dísù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù ló ń ba òun jẹ́, jíìnì rẹ̀ ló sì wà lórí tábìlì mi báyìí.