Fáíbrọ́ọ̀dì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ìyá, tí dókítà bá wo síkáànù tán tó wá ní "fáíbrọ́ọ̀dì wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò tíì dé ibi iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ ká ṣì máa ṣọ́ ọ," ohun tí àwọn kan máa ń gbọ́ ni "ẹ máa lọ, kò sí nǹkan kan," àwọn tó kù á sì gbọ́ "ikú ti dé." Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìju, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Iṣan ilé ọmọ fúnra ẹ̀ ló hù jọ síbì kan, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an kó tó wá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló fara pamọ́ síbẹ̀. Òmíì máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, òmíì ò ní kúrò lójú kan, òmíì tiẹ̀ máa ń kéré sí i fúnra ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín láyà jẹ pé oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ lójú àlá ló dì síkùn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Washington, tó jáde ní 2003, fi hàn pé nínú 100 obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó ju 80 lọ tó máa ti ní fáíbrọ́ọ̀dì kí wọ́n tó pé 50 ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀ títí wọ́n fi síkáànù wọn. Ṣé gbogbo wọn ló jẹ àmàlà lójú oorun ní Amẹ́ríkà ni? Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á, àmọ́ ẹ má torí ààwẹ̀ pa déètì síkáànù jẹ.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kéèyàn máa ṣọ́ nọ́ńbà tí ò ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á mú pépà síkáànù dání, tẹ́lẹ̀ ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.8, ní báyìí ó di 5.2, oorun ò kùn wọ́n mọ́, wọ́n ò rántí pé ibòmíì ni wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́, máṣíìnì yàtọ̀, ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n náà yàtọ̀, ìyàtọ̀ tíntín bẹ́ẹ̀ lè má túmọ̀ sí nǹkan kan. Tó bá ṣeé ṣe ibì kan náà ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é, kẹ́ ẹ sì mú èyí àtijọ́ dání lọ. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà ni "ibo ló wà?" torí kékeré tó yọrí sínú ihò ilé ọmọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya bí omi, nígbà tí ńlá tó wà lójú ìta ilé ọmọ lè jókòó síbẹ̀ kó má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ẹ̀jẹ̀ gan-an wá ni ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ pádì ní wákàtí kan sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde gbàǹgbà-gbàǹgbà, tí nǹkan oṣù ń kọjá ọjọ́ 7, kì í ṣe "bí màmá mi náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Ó ṣeé ṣe kí màmá náà ní in, ìyẹn ni ẹ ò mọ̀! Mo rí obìnrin kan tó máa ń jẹ yìnyín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń ha ìrẹsì tí wọn ò sè jẹ bíi gúgúrú, tó bá gun àtẹ̀gùn báyìí á jókòó láàárín, gbogbo wa rò pé oyún ni. Wọ́n yẹ PCV ẹ̀ wò, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára, 22 ni. Ti obìnrin tí kò lóyún yẹ kó tó 36. Ẹ̀jẹ̀ tí ò sí lára ló ń wá yìnyín kiri.

Mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì ò lè dí irú àlàfo yẹn o, ẹ jọ̀ọ́, adùn ni. Oògùn áyọ́ọ̀nù tí dókítà bá kọ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì gbé e mì torí wọn kì í jẹ́ kó wọra, omi ọsàn ló dáa. Ìgbẹ́ á dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ màálù, gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ oúnjẹ nìkan ò lè gbé e padà.

Àwọn alágbo ńkọ́? "Á yọ́ ọ láàárín oṣù kan," ní bọ́ọ̀sì, ní WhatsApp, níbi gbogbo. Ẹ rántí pé mo ní òmíì máa ń kéré fúnra ẹ̀, tí nǹkan oṣù bá sì ti dáwọ́ dúró, púpọ̀ nínú wọn ló máa ń súnkì, ìyẹn ni alágbo máa ń gba ọpẹ́ lé lórí. Ewé tí wọ́n dì bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kì sójú ara yẹn ńkọ́, ohun tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀ kì í ṣe ìju, ojú ara tó ń bínú ni. Àgbo tí wọ́n fi ọtí pò sì lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn ò ní lọ́kọ, àwọn ò ní bímọ títí wọ́n á fi yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló lóyún pẹ̀lú ẹ̀ tí wọ́n sì bí i láyọ̀, ẹ sáà jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀.

Ní ti ọkàn, ẹ má sọ fún gbogbo ìjọ. Ẹni méjì tó lè gbọ́ láìsunkún tó. Tí wọ́n bá rí ikùn yín tí wọ́n ní "ẹ kú oríire o, oṣù mélòó?" ẹ lè dáhùn bíi ọ̀rẹ́ mi kan, "ìrẹsì ni, mà." Ẹ fi déètì síkáànù sórí fóònù, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan bí dókítà bá ṣe wí, kẹ́ ẹ wá lọ máa gbé ayé yín, ẹ rìn kiri, ẹ yẹ ìfúnpá wò, ẹ yéé fi òru wo Google.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí kò ní dúró de déètì: ẹ̀jẹ̀ tó tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ pátápátá, ìtọ̀ tó kọ̀ tí ò jáde, ìrora gbígbóná tó bá ibà wá, ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú, òòyì tó fẹ́ gbé yín ṣubú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́, alẹ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù.