Ẹ Gbé Àga Ẹ̀yìn Ìjàpá Yín Wò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Volkswagen Ìjàpá. Kẹ́ ẹ tó náwó sí ọ̀dà tuntun, ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà. Ásíìdì tó ń ro síbẹ̀ máa ń jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ títí yóò fi lu, owó jórinjórin ló sì ń dunni jù. Bí irin àga bá kan orí bátìrì, iná lè sọ: ẹ fi rọ́bà bò ó. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì tó bá ti sán. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì tí kò ju bíi lítà 2.5 lọ ló ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ má jẹ́ kó dọ̀tí. Àmọ́ ẹ wà á lọ òde ìyàwó lẹ́ẹ̀kan ná, ẹ ó rí i báwọn èèyàn ṣe máa fi Jeep sílẹ̀ wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.