Kókó Nínú Ọmú: Àyẹ̀wò Ìmọ́lẹ̀ Àti Àyẹ̀wò Abẹ́rẹ́ Onítànṣán

Bí ọwọ́ bá kan kókó nínú ọmú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, tàbí tí awọ ibẹ̀ rí págunpàgun bí èèpo ọsàn, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọkùnrin náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Mámógíráàmù (X-ray ọmú) àti skáànù (ultrasound) ni dókítà máa ń kọ́kọ́ lò. Fún ọ̀dọ́bìnrin, skáànù ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmú wọn ṣì ki, kókó sì máa ń fara pamọ́ fún X-ray nínú irú ọmú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn yìí ni méjì tí à ń sọ ń bọ̀.

Ìmọ́lẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ pupa, pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e tí ojú kò lè rí, ni wọ́n ń tàn gba inú ọmú kọjá. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fa ìmọ́lẹ̀ yìí mu. Jẹjẹrẹ sì máa ń fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà ibi tó wà lè dúdú ju ìyókù lọ. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán X-ray. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́n ká nínú ẹran ara, àwòrán rẹ̀ á wá rí bàìbàì, kókó kékeré tó jinlẹ̀ sì lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Láti 1929 ni dókítà kan, Max Cutler, ti dán an wò ní Amẹ́ríkà. Títí dòní, ọwọ́ àwọn olùwádìí ló ṣì pọ̀ sí jù. Tọ́ọ̀ṣì pupa tí wọ́n ń tà fún lílò nílé kò lè dípò mámógíráàmù. Ẹ fi owó yín sápò.

Abẹ́rẹ́ onítànṣán

Iṣan apá ni wọ́n ń gún un sí: technetium-99m (èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde) tí wọ́n so mọ́ oògùn tó ń jẹ́ sestamibi. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan máa ń gbà á ju àwọn tó kù lọ, kámẹ́rà gamma á sì ya ìtànṣán tó ń jáde níbẹ̀. Ọmú kíki kì í dí i lójú. Ohun tó fi ta mámógíráàmù yọ nìyẹn. Agbára technetium ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6-6. Àmọ́ gbogbo ara ni oògùn náà ń gbà kọjá, kì í ṣe ọmú nìkan, torí náà a kì í fi yẹ gbogbo obìnrin wò lọ́dọọdún. Kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà lè gbà á. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó gún un.

UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka nuclear medicine, ìyẹn ẹ̀ka tó ń lo irú oògùn onítànṣán bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe ti ọmú àti iye tó jẹ́ kí ẹ tó wọkọ̀.

Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó lè fìdí jẹjẹrẹ múlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bu ẹran díẹ̀ nínú kókó lọ sí láàbù ló ń ṣe ìyẹn. Bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe é, ẹ má sún un síwájú nítorí pé àwòrán kan kò rí nǹkan.