Ẹ yé fi ọwọ́ gé etí àwòrán

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ṣì ń ṣí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gé funfun etí rẹ̀ dànù, ẹ sinmi. ImageMagick, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún àwòrán ṣe nípa àṣẹ tí a bá tẹ̀ sínú tẹ́mínà, á bá yín ṣe é:

magick foto.jpg -fuzz 10% -trim +repage tuntun.jpg

(Tó bá jẹ́ ẹ̀yà 6 lẹ ní, ẹ fi convert rọ́pò magick níbí; ní ti mogrify ìsàlẹ̀, ẹ kàn yọ magick iwájú rẹ̀ kúrò.)

Àwọ̀ tó wà ní igun àwòrán ni -trim máa ń wò, á sì gé gbogbo etí tó bá jọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n -fuzz gan-an lọ̀gá. Funfun inú JPEG, pàápàá ìwé tí a fi skánà yà, kì í funfun délẹ̀. Ojú wa ò rí ìyàtọ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà rí i, kò sì ní gé nǹkan kan. -fuzz ló ń jẹ́ kó ka àwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra sí ọ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 5%, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sáré sí 40%, ó lè jẹ wọ inú àwòrán fúnra rẹ̀. Ní ti +repage, ó ń pa ìwọ̀n àtijọ́ tó ṣì wà nínú fáìlì rẹ́ ni, PNG àti GIF nílò rẹ̀ jù.

Tó bá jẹ́ odindi fódà:

mkdir gige
magick mogrify -path gige -fuzz 10% -trim +repage *.jpg

Ẹ má fo -path o! Láìsí i, mogrify á kọ tuntun lé ojúlówó lórí, kò sì ní bi yín léèrè. Mo ti jìyà ẹ̀ rí.

Bí etí bá wá há jù, ẹ fi -bordercolor white -border 20 sí i lẹ́yìn +repage.