Bí A Ṣe Ń Bá Ojú Ọjọ́ Winnipeg Gbé Yípo Ọdún

Ẹni tó bá ń kó bọ̀ ní Winnipeg, ní ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà, òtútù ni gbogbo ayé á fi dẹ́rù bà á. Òtútù náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ooru wà níbẹ̀, omíyalé wà níbẹ̀, ẹ̀fọn sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dé ni pé ìgbà tó ṣáájú la ti ń múra de èyí tó ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí yìnyín bọ́ kó tó lọ ra bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ ni ìlú yìí wà, ó jìnnà sí òkun tí ì bá mú kí òtútù àti ooru rẹ̀ rọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè tó máa dí afẹ́fẹ́ tó ń ti ìhà àríwá bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Oṣù Kìíní fi máa ń wà ní nǹkan bí -16°C, tí Oṣù Keje sì máa ń súnmọ́ 20°C. Ní ọjọ́ 24 Oṣù Kejìlá ọdún 1879, ó wálẹ̀ dé -47.8°C, ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje ọdún 1936, ó gòkè dé 42.2°C. Ìlú kan náà ni o.

Oṣù Kẹsàn-án: aṣọ àti mọ́tò

Yìnyín lè bọ́ nínú Oṣù Kẹwàá, nítorí náà ẹ tètè ra nǹkan. Aṣọ mẹ́ta la ń wọ̀ lé ara wọn. Èyí tó kan ara kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú, torí òwú máa ń fa òógùn mọ́ra, òógùn yẹn ló sì máa di òtútù sí yín lára. Irun àgùntàn dára jù. Ti àárín ló ń pa ooru mọ́, ti òde ló ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ ra bàtà tó tóbi díẹ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ méjì má baà há ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí kò pín ìka níyà gbóná ju èyí tó pín wọn lọ.

Ní ti mọ́tò, ẹ pààrọ̀ táyà sí ti ìgbà òtútù, ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ bátìrì wò. Wáyà tí ẹ máa rí tó yọ níwájú ọ̀pọ̀ mọ́tò, iná la máa ń kì í bọ̀ lóru kí ẹ́ńjìnnì má baà dì.

Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì: ẹ má gba oòrùn gbọ́

Níbí ni àwa tí a ti ilé wá ti máa ń ṣìṣe. Nílé, bí oòrùn bá ti ràn, ooru dé nìyẹn. Ní Winnipeg, ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere ló sábà máa ń tutù jù, torí kùrukùru ló máa ń bo ooru ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bí aṣọ ìbora. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo wo ojú fèrèsé, mo rí oòrùn, mo jáde láìdé fìlà. N kò dé ibùdókọ̀ tí etí mi fi kú tipiri.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo ìròyìn ojú ọjọ́, ẹ wo iye méjì: ti òtútù gan-an, àti ti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú kó rí lára. Ìkejì yìí ni kí ẹ fi múra. Bó bá ti dé -28, awọ ara tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Bó bá dé -40, ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó. Lára dúdú tiwa, ẹ má retí pé yóò pọ́n: ṣe ló máa ń rí bí eérú, tí ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ wọlé kíákíá, ẹ rẹ ibi tó dì náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì yá iná.

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná máa ń gbẹ ara bí ọyẹ́. Òrí tí ẹ kó wá láti ilé wúlò jọjọ.

Ìgbà tí yìnyín ń yọ́

Odò Red, tó gba inú ìlú kọjá, ń ṣàn lọ sí àríwá. Yìnyín ìhà gúúsù ló kọ́kọ́ ń yọ́, omi á wá lọ bá yìnyín tó ṣì dì níwájú, á sì kún. Omíyalé ọdún 1950 àti ti 1997 kì í ṣe kékeré. Ipadò tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, tí wọ́n parí ní 1968, ló ń gba ìlú là. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń gbé ìyàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ gbé ìwé pàtàkì kúrò nílẹ̀, ẹ sì bi onílé bóyá ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rìn lórí odò nígbà yìí.

Ìgbà ooru

Ẹ gbin irúgbìn tòmátì sínú ilé ní Oṣù Kẹrin, kí ẹ tó gbé e síta ní ìparí Oṣù Karùn-ún. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà máa ń ṣe dáadáa, torí oòrùn ju wákàtí 16 lọ ní Oṣù Kẹfà. Ẹ ra oògùn ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá kéde ààjà, abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ sá sí: ní 2007, ọ̀kan gbé odindi ilé ní ìlú kékeré Elie, tí kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ sí ibí.

Nígbà tí Oṣù Kẹsàn-án bá tún dé, ẹ ká gbogbo tòmátì kí òtútù òru tó pa á, títí kan èyí tí kò tíì pọ́n. Ẹ tò ó sójú fèrèsé, á pọ́n níbẹ̀.