Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí jíìpù tó ti pẹ́ bá ń gbóná

Bí ẹ́ńjìnnì jíìpù tó ti lé ní ogún ọdún bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ọ̀pọ̀ èèyàn á ra thermostat (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnnì láti lọ sí rédíétọ̀ bó bá gbóná), wọ́n á ra pọ́ǹpù omi, wọ́n á tún ra rédíétọ̀ tí omi náà ti ń tutù, ọkọ̀ á sì máa gbóná bó ṣe ń gbóná tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n rà kò burú. Wọn ò kàn béèrè ìgbà tó ń gbóná ni.

Bó bá ń gbóná nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, tí ooru náà sì ń wálẹ̀ bó bá ti ráyè sáré, atẹ́gùn ni kò tó: fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ nígbà tó ń rọra lọ, àmọ́ tó ń gbóná lójú ọ̀nà márosẹ̀ tàbí nígbà tó bá ń gun òkè, omi ni kò yí tó: rédíétọ̀ ti dí nínú, abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù ti jẹ, thermostat kò ṣí tán, tàbí họ́òsì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà á lágbára. Ìyàtọ̀ méjì yìí nìkan lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó tí kò nídìí.

“Fáànù ṣáà ń yí”

Gbólóhùn yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́, bẹ́líìtì ló ń yí fáànù, fan clutch tí òróró silicone wà nínú rẹ̀ ló sì ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí òróró yẹn bá ti jò tán, fáànù á ṣì máa yí lójú yín, àmọ́ kò ní lágbára láti fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wá fọwọ́ yí fáànù náà. Ó yẹ kó le lọ́wọ́ yín. Bó bá ń yí fàlàlà bíi táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, clutch ti kú. Ẹ tún wo àárín rẹ̀ bóyá òróró dúdú ti fọ́n síbẹ̀, kí ẹ sì mi etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ síwájú sẹ́yìn: bó bá ń mì, bearing rẹ̀ (irin tó ń jẹ́ kó yí geere) ti jẹ.

Ike ńlá tó yí fáànù ká ńkọ́? Àwọn kan máa ń yọ ọ́ sọnù nítorí pé kì í jẹ́ kí ọwọ́ ráyè wọlé. Láìsí i, ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni fáànù á ti máa fa atẹ́gùn, kì í ṣe láàárín rẹ̀. Ẹ tún yọjú wo àárín rédíétọ̀ àti condenser AC (irin tó dà bíi rédíétọ̀ tí AC ń lò, tó wà níwájú rẹ̀). Eruku àti ewé máa ń di odindi ògiri síbẹ̀. Ẹ fi omi tí kò lágbára fọ̀ ọ́ láti ìhà ẹ́ńjìnnì síta, nítorí omi tó bá ń ta gan-an á tẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká yọ thermostat dànù”

Ẹ má ṣe é. Thermostat sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 82 sí 90 °C. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa da epo púpọ̀ sí i, ìnira á sì bá àwọn irin inú rẹ̀. Èyí tó tún burú jù: nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ẹ̀yìn thermostat yẹn kan náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi fi ń padà sínú ẹ́ńjìnnì láì gba rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá náà á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkọ̀ tí ẹ ní kó tutù á sì túbọ̀ gbóná.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìdí ìkòkò, kí ẹ ki thermometer bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e kaná. Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kí ẹ fi wé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Bí ẹ bá ń dá a padà, ihò kékeré tó ní ọmọ irin tó ń mì ni kó wà lókè, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

“Géèjì kò kúkú gòkè”

Sensor tó ń sọ ìwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì fún géèjì gbọ́dọ̀ wà nínú omi kó tó lè sọ òótọ́. Bí omi bá ti jò tán, inú afẹ́fẹ́ ló máa wà, ọwọ́ géèjì lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ infrared, tó ń wọn ooru láì fara kan nǹkan, wọn ibi tí thermostat jókòó sí. Irin tó ń dán máa ń purọ́ fún ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú ibẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ojú rédíétọ̀ káàkiri: ibi tó bá tutù ju àyíká rẹ̀ lọ gan-an ti dí.

Ìdérí rédíétọ̀ tí kò tó nǹkan yẹn náà, wọn kì í kà á sí. Ọ̀pọ̀ ló ń di agbára ìtẹ̀ tó tó nǹkan bí 0.9 sí 1.1 bar mú, agbára yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100 °C. Bí agbára inú rẹ̀ bá fi 1 bar ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, omi lásán kì í hó títí di nǹkan bí 120 °C. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, omi á tètè hó, á sì dà jáde. Ìdí kan náà nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ ṣí i nígbà tó gbóná: omi inú rẹ̀ á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bó yín lójú. Ẹ dúró títí họ́òsì òkè á fi rọ̀ tí ọwọ́ á sì lè gbà á mọ́ra. Ẹ má sì rọ omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná, irin orí rẹ̀ lè sán.

“Tópù gasket ló ti lọ”

Bóyá. Gasket yìí ló ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Àmọ́ èéhó omi nínú rédíétọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó há, nǹkan funfun lábẹ́ ìdérí òróró sì lè jẹ́ ìrì nínú ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Ẹ lo omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń dán gáàsì wò lẹ́nu rédíétọ̀. Bí gáàsì ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù bá ń wọ inú omi, á di yẹ́lò. Bó bá jẹ́ pé gasket ni lóòótọ́, ẹ má dé orí ẹ́ńjìnnì padà láì fi rúlà irin àti feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wò ó bóyá ó ti wọ́.

Omi ẹ̀rọ lásán ń fa ìpẹtà, ó sì ń fi ẹ̀fun sílẹ̀. Coolant (oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) àti omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀ padà di omi (distilled water), ìlàjì sí ìlàjì, ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì fi àwọ̀ dá coolant mọ̀. Oògùn tó ń dí ibi tó ń jò lè dí heater core (rédíétọ̀ kékeré tó ń mú inú ọkọ̀ móoru) náà.

Bí omi bá ń dín kù láràárọ̀ tí ẹ kò sì rí ibi tó ń jò, ẹ fi pọ́ǹpù ìdánwò fún rédíétọ̀ ní atẹ́gùn tó tó iye tí wọ́n kọ sára ìdérí, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí géèjì pọ́ǹpù bá wálẹ̀ tí ilẹ̀ sì gbẹ, ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀: ibẹ̀ ni omi heater core sábà máa ń jò sí.