Kókó Ọmú: Ohun Tó Ń Mú Jẹjẹrẹ Tàn, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹran Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, kókó jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú fò ó. Èyí tó bá kúrò lọ́mú tó dé egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ ló ń ṣekú pani jù. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn o. Inú ara ẹni tó ń ṣe ló ti ń tàn.

Ohun tó ń mú un rìn

Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa. Ara sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, lójú òde rẹ̀, ni oríṣiríṣi purotéènì wà, ìyẹn àwọn èròjà tó ń bá a ṣiṣẹ́. E-cadherin ló ń di sẹ́ẹ̀lì mú mọ́ ara wọn. Bó bá dín kù, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè já kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Integrin ló fi ń di ẹran ara tó yí i ká mú bó ti ń fà lọ, títí yóò fi bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara tó ń gba abẹ́ abíyá kọjá. CXCR4 ní tirẹ̀ ń tọpa ohun kan tí egungun, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ ń tú jáde. Ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí lórí CXCR4 yìí jáde. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ayé ló ń gbé e kiri.

Nínú àwọn purotéènì wọ̀nyí, HER2 ni kí ẹ mọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì ọmú tó dá ṣáṣá náà ní in, òun ló ń sọ fún un pé kó dàgbà. Nínú jẹjẹrẹ ọmú 100, bíi 15 sí 20 ni HER2 ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ, irú wọn sì máa ń yára tàn. Trastuzumab, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, máa ń lẹ̀ mọ́ HER2 yìí lójú òde sẹ́ẹ̀lì. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dínwó wà, ẹ béèrè. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọkàn aláìsàn wò kí wọ́n tó fún un. Ẹni tí HER2 rẹ̀ kò pọ̀, oògùn yìí kọ́ ni tirẹ̀.

Irú kan tún wà tí HER2 rẹ̀ kò pọ̀, tí kì í sì í gbọ́ ti họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti darí iṣẹ́ ara. Ó wọ́pọ̀ láàárín obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Yunifásítì Chicago, ti ṣèwádìí jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ṣì ń ran irú yìí lọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹran àyẹ̀wò bàjẹ́

Bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ nínú kókó náà, ẹbí ni wọ́n lè ní kó gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà ń dàrú. Ẹran tó bá ti ń rà, purotéènì rẹ̀ ti bàjẹ́, èsì lè wá sọ pé HER2 kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀. Ẹ má fi í sínú omi, ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má gbé e sí fíríìsà. Fọ́málíìnì 10%, ìyẹn omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, ni kó wọ̀ kó tó pé wákàtí kan tí wọ́n gé e, kó sì bò ó mọ́lẹ̀. Wákàtí 6 sí 72 ló yẹ kó lò níbẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró de ẹni tó ń lọ ọjà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ìgò. Májèlé ni fọ́málíìnì: ẹ dé e pa, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé.

Nínú ìwé èsì, ẹ wá HER2. Bó bá jẹ́ 0 tàbí 1+, kò pọ̀. 3+, ó pọ̀. 2+ kò tíì dájú, àyẹ̀wò mìíràn ni yóò yanjú rẹ̀. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, ẹ bi dókítà léèrè, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ tọ́jú ìwé náà dáadáa.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Kókó lọ́mú tàbí lábẹ́ abíyá, orí ọmú tó wọnú, ẹ̀jẹ̀ lórí ọmú, awọ tó rí bí èèpo ọsàn: ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má sì fi àgbo dá ara yín dúró. Ọkùnrin náà ń ní in, kí bàbá tó bá rí kókó láyà má tijú.